Agogo tó ń dún lóru: ìrírí mi nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Ìlú Ọba

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan dára, ẹ má fi yàrá ìgbàlejò rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Òdòdó máa wà níbẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tó mọ́ máa wà níbẹ̀, ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún yín á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìdí agogo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí màmá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún bá tẹ̀ ẹ́ láago mẹ́ta òru nítorí pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ta ló ń bọ̀? Ìgbà wo ló máa dé? Ojú wo ló máa mú wọlé? Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni.

Olùkọ́ ni mí nílé kí n tó wá síbí. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba Ìlú Ọba fi iṣẹ́ olùtọ́jú kún àwọn iṣẹ́ tí èèyàn lè torí rẹ̀ gba físà, ẹnu ọ̀nà yẹn ni èmi àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa gbà wọlé. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, òṣìṣẹ́ báńkì wà, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà. Ilé méjì ni mo ti bá ṣiṣẹ́. Ìlú etíkun ní gúúsù Íńgílándì ni méjèèjì wà, irú ibi tí àwọn òyìnbó máa ń kó lọ tí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì. Ti àkọ́kọ́ kò dára. Èyí tí mo wà báyìí dára gan-an. Ẹni tó bá dúró níta kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Kódà ilé àkọ́kọ́ yẹn ló lẹ́wà jù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nílé, pé ìdí arúgbó òyìnbó la wá ń nù. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn kí n tó lọ síwájú. Ẹni tí à ń nu ìdí rẹ̀ yẹn ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ìyá rí, tàbí kó jẹ́ ẹni tó wa rélùwéè fún ogójì ọdún. Ojú ń tì í. Bí o ṣe fi aṣọ ìnura bo itan rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, bí o ṣe sọ ohun tí o fẹ́ ṣe fún un kí ọwọ́ rẹ tó kàn án, bí o ṣe pa ilẹ̀kùn dé kí ẹni tó ń kọjá má baà rí i, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ bóyá òun ṣì jẹ́ èèyàn lójú rẹ. N kò tíì rí iṣẹ́ tó gba ọ̀wọ̀ jù ú lọ.

Iye ọwọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ní ilé àkọ́kọ́, àgbàlagbà bí ogójì ló ń gbé ibẹ̀, àwa olùtọ́jú méjì àti síníọ̀ kan, ìyẹn olùtọ́jú àgbà tó jẹ́ ọ̀gá wa, ló sì máa ń wà lálẹ́. Ẹlòmíràn lè ní mẹ́ta ti tó, ṣebí wọ́n ń sùn. Wọn kì í sùn. Ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé lè dìde láago méjì kó máa wá ọkọ rẹ̀ tó ti kú kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí kò lè dá yí ara padà gbọ́dọ̀ rí ẹni yí i. Ẹni tí a ń fi hóìsì gbé, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹni tí kò lè dá dìde, òṣìṣẹ́ méjì ló gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀: ọ̀kan á máa darí ẹ̀rọ, èkejì á di ara rẹ̀ mú kó má baà fì lọ gbá irin. Nígbà tí àwa méjì bá wà lórí màmá kan lókè, tí síníọ̀ wà nídìí oògùn, kò sí ẹnì kankan fún gbogbo ilé yòókù. Agogo á máa dún. Ò ń gbọ́ ọ. O kò sì lè fi ẹni tó wà nínú hóìsì sílẹ̀ lójú òfuurufú. Àsìkò tí ò ń gbọ́ agogo tí o kò lè lọ yẹn gan-an ni ẹni tó ń pè á sọ pé kí òun kúkú dá dìde lọ sílé ìyàgbẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti ṣubú.

Òfin Íńgílándì kò dá iye òṣìṣẹ́ kan pàtó lé àgbàlagbà mélòó. Ohun tó wí ni pé kí wọ́n tó, kí wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ni ilé ló ń ṣe ìṣirò náà, ó yẹ kó wo bí ara àwọn tó wà nílé ṣe rí kó tó ṣe é, kó sì tún un ṣe tí ara ẹnì kan bá yí padà. Ní ilé àkọ́kọ́, iye ibùsùn tó kún nìkan ni wọ́n ń wò. Èèyàn á wọlé tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó di ẹni hóìsì, iye wa lálẹ́ kò yí padà.

Ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù jù nígbà yẹn ni iná. Wọ́n sọ fún wa nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa Rosepark, ilé ìtọ́jú kan ní Uddingston ní Scotland, tí iná ṣẹ́ yọ níbẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2004. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí wáyà iná mànàmáná wà ló ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà 14 ló bá a lọ. Ilẹ̀kùn àwọn yàrá ṣí sílẹ̀, èéfín sì bá wọn lórí ibùsùn. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ ń wá ibi tí iná wà kiri kí wọ́n tó pe àwọn panápaná. Ní ibi tí mo wà báyìí, a máa ń ṣe ìdánrawò iná lóru, pẹ̀lú iye àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru gan-an. Ìdánrawò ọ̀sán, nígbà tí mánéjà, alásè àti àwọn tó ń tọ́jú ilé wà níkàlẹ̀, kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tó máa ṣe láago mẹ́rin ìdájí.

Àwọn ẹbí máa ń bẹ̀rù ẹni tó máa gbá màmá wọn létí. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù rẹ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kámẹ́rà sì ti gbé e. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú ara mi rí tó ń pa àgbàlagbà nílé tí kò dára kì í pariwo. Omi tí wọn kò mu ni. Ara tí ẹnì kankan kò yí ni. Tí èèyàn bá darúgbó, òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́ bíi ti ọ̀dọ́ mọ́, nítorí náà kò ní béèrè omi. Tí ife bá wà lórí tábìlì tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé, á wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́jọ́ kejì ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, á máa sọ̀rọ̀ sọ́tùn-ún sósì, àwọn èèyàn á ní àrùn ìgbàgbé rẹ̀ ló le sí i. Tó bá dìde, òòyì á kọ́ ọ, á ṣubú, egungun ìbàdí á ṣẹ́, ọsibítù nìyẹn. Lórí ìwé, ìṣubú ló gbé e lọ. Ife omi tí kò sún mọ́ ọn kò sí nínú ìwé yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti awọ ara rí. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹ̀jẹ̀ kì í lọ síbi tí egungun ti tẹ ẹran mọ́ bẹ́ẹ̀dì: ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìbàdí, gìgísẹ̀, ìgbọ̀nwọ́. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ yìí, ni pé kí ẹni tó wà nínú ewu egbò yìí má lò ju wákàtí mẹ́fà lọ kí wọ́n tó yí i, kí ẹni tí ewu tirẹ̀ pọ̀ má lò ju mẹ́rin lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ń yí wọn lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó tan iná kékeré, kì í ṣe iná òkè tó ń gún èèyàn lójú. Màá kí i, màá dárúkọ ara mi, màá ní a fẹ́ yí yín sápá ọ̀tún. Ẹnì kejì mi á wà lódì kejì, a ó fi aṣọ tó ń yọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ fà á, torí pé tí o bá wọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì, awọ rẹ̀ tó ti fẹ́lẹ́ bí ìwé síga máa bó. Bó bá ti yí tán, màá wo gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá pọ́n, màá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Tó bá funfun tó sì tún pọ́n padà, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lọ síbẹ̀. Tó bá pọ́n tí kò yí padà, egbò ti ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́, màá sì sọ fún síníọ̀ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ní àárọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tí òbí rẹ̀ wà nílé ìtọ́jú lókè òkun mọ̀. Ara dúdú kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ara òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n á wo gìgísẹ̀ bàbá yín, wọn kò ní rí pípọ́n, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ dá. Lára ènìyàn dúdú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá a: ṣé ibẹ̀ gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ, ṣé ó le, ṣé ó rọ̀ bí ohun tó fẹ́ jẹrà, ṣé ó dúdú tàbí ó ń dán ju tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé ó ń dùn ún. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń yẹ awọ dúdú wò. Ẹ béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á sílé.

Màmá Yorùbá kan wà ní ibi tí mo wà báyìí. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti wà ní Ìlú Ọba, ó sì ṣe nọ́ọ̀sì fún wọn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àrùn ìgbàgbé ti gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá nìkan ló kù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó ní àrùn yìí, èdè tí wọ́n bá kọ́ gbẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ ni pé ó ń pariwo lóru, pé ó ń ti ọwọ́ olùtọ́jú dànù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú òru, mà."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo ti wà látàárọ̀? Òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, wọn ò fún mi lómi."

Omi wà lórí tábìlì. Wọ́n ti fi páúdà sí i kó lè ki, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò gbé nǹkan mì dáadáa mọ́ láti ìgbà tó ti ní àrùn rọpárọsẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tó ń fà yẹn kì í ṣe omi. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní kí wọ́n pò ó bẹ́ẹ̀ kó má baà pá yín lórí ni. Ẹ jẹ́ kí n máa fi ṣíbí bu ú fún yín díẹ̀díẹ̀."

Ó ní kí n dúró kí òun gbàdúrà sí i ná. Ó gbàdúrà, ó mu ún tán. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo sọ ọ́ láàárọ̀ nígbà tí à ń gbé iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́. Mánéjà wa jókòó, ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni a lẹ páálí kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn màmá: omi, ìtọ̀, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi, ẹ kú òru mà. Mo kọ bí òyìnbó ṣe máa pè é sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùtọ́jú kan tó wá láti Kerala ní Íńdíà ló kọ́kọ́ há gbogbo rẹ̀ sórí, ó sì ń tẹ orúnkún díẹ̀ tó bá ń kí i. Ariwo òru yẹn dínkù.

Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rántí bí ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣe lọ. Ní ilé mìíràn, ẹni tó ń pariwo lóru, wọ́n á ní kí dókítà fún un ní oògùn tó máa jẹ́ kó dákẹ́, irú oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ní ọdún 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sube Banerjee kọ ìwé ìwádìí kan fún ìjọba lórí oògùn wọ̀nyẹn. Ó ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 180,000 ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé ni wọ́n ń fún ní oògùn náà lọ́dún ní Ìlú Ọba, àti pé nǹkan bí 1,800 ikú ló ń ti ìdí rẹ̀ wá lọ́dọọdún. Wọ́n ti dín in kù láti ìgbà náà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún èèyàn bí kò ṣe pé ó lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, tàbí tí ìpọ́njú rẹ̀ bá pọ̀ jù. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò sí lára wọn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwé kíkọ, nítorí òun ló jẹ́ kí n fi ilé àkọ́kọ́ sílẹ̀. Gbogbo wa nídìí iṣẹ́ yìí la mọ ọ̀rọ̀ náà pé ohun tí a kò bá kọ, a kò ṣe é. Ó dára. Ṣùgbọ́n nílé yẹn, ohun tí a kò ṣe ni wọ́n ń kọ. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, síníọ̀ á kó gbogbo ìwé tí a fi ń kọ iye omi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mu jọ, á sì máa fi bíírò kan náà kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀: 200, 200, 200. Kò sí àgbàlagbà kan tó ń mu omi bẹ́ẹ̀. Màmá kan wà níbẹ̀ tí egbò ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti jìn débi tí nọ́ọ̀sì àdúgbò tó ń wá wẹ̀ ẹ́ fi dákẹ́ nígbà tó ṣí i. Ìwé sọ pé a ń yí i ní wákàtí méjì-méjì, kò fo ẹyọ kan. Mo wo ọ̀kan nínú àwọn òru tó wà lórí ìwé yẹn. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá kan ṣubú nísàlẹ̀, ó fi orí gbálẹ̀, ó sì ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ gbé e. A jókòó tì í nílẹ̀, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, a ń dúró de áńbúláǹsì. Láàárín wákàtí wọ̀nyẹn, ẹnì kankan nínú wa kò gun òkè. Ṣùgbọ́n ìwé ní a yí màmá lẹ́ẹ̀mejì.

Mo mú un tọ mánéjà lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun kankan kò yí padà.

Ibí ni físà ti wọ ọ̀rọ̀ ààbò, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe òfin gbọ́ ọ. Ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ló fún ọ ní CoS, ìwé onígbọ̀wọ́ tí o fi gba físà. Tí iṣẹ́ náà bá bọ́, tí Home Office, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà, sì kọ̀wé sí ọ, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún ọ láti rí ilé mìíràn tó ní ìwé àṣẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí o kó ẹrù rẹ. Ẹlòmíràn ti jẹ gbèsè lọ́dọ̀ ẹ́jẹ́ńsì kó tó kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wà níléèwé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á rí egbò, á rí ìwé irọ́, á sì gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ilé tó bá mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ń bẹ̀rù báyìí, tó sì ń lo ìbẹ̀rù náà, ilé eléwu ni fún arúgbó tó wà nínú rẹ̀, bó ti wù kí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tó.

Èmi náà bẹ̀rù. Mo kọ ọjọ́, wákàtí, àti ohun tí mo rí sílẹ̀, láìfi àbá kankan kún un. Mo pe ẹ̀ka tó ń dáàbò bo àwọn àgbàlagbà ní káńsù. Òfin Care Act ti ọdún 2014 pọn ọ́n dandan fún káńsù láti wádìí tí ìdí bá wà láti fura pé wọ́n ń ṣàìka ẹni tó nílò ìtọ́jú sí. Mo pe CQC náà, àjọ tó ń bẹ àwọn ilé ìtọ́jú wò ní Íńgílándì. Wọn kì í yanjú ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ohun tí o bá sọ fún wọn lè jẹ́ kí wọ́n tètè wá, láìsọ tẹ́lẹ̀. Òfin kan ti wà láti ọdún 1998 tó ní wọn kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí pé ó sọ òtítọ́ tó kan ààbò èèyàn. Káńsù dé. Wọ́n gbé màmá yẹn lọ sílé tó ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀. Èmi rí ilé mìíràn tó gbà mí kí ọ̀rọ̀ náà tó parí.

Ní ibi tí mo wà báyìí, fóònù kékeré la fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ bí a bá ti ń ṣe é. Irọ́ ṣì ṣeé pa lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ máa ń kọ wákàtí tí o tẹ̀ ẹ́ gan-an, mánéjà wa sì ń wò ó: tí ó bá rí i pé ẹnì kan yí èèyàn mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, á pè é. Ẹ̀rọ agogo náà ń tẹ ìwé jáde, ó ń fi hàn bí agogo kọ̀ọ̀kan ṣe dún pẹ́ tó kí ẹnì kan tó dé. Mánéjà wa ń kà á láràárọ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà mìíràn á yọ sí wa láago méjì òru, kì í ṣe láti mú ẹnikẹ́ni, á wọ épúrọ́ọ̀nù, á bá wa yí èèyàn. Tí ẹnì kan bá ṣubú, òru yẹn náà ni wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀, wọ́n á sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kódà tó bá jẹ́ pé àwa la jẹ̀bi. Mo ti gbọ́ tí ọmọ kan bú wa lórí fóònù. Ó ṣì fi màmá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àwọn ohun yòókù kò pẹ́ sọ. Omi ìwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 44 ti Celsius, tẹmọ́mítà la fi ń wò ó, kì í ṣe ọwọ́. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ hóìsì wò. Fèrèsé òkè kò gbọ́dọ̀ ṣí ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Páúdà tí a fi ń mú omi ki, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé. Ní ọdún 2015 ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kìlọ̀ nípa rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹnì kan bu páúdà gbígbẹ sẹ́nu tó sì kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé fún òbí yín, owó gọbọi kì í ṣe ẹ̀rí. Ní Íńgílándì, ẹni tí dúkìá rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ló ń san gbogbo owó náà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń ta ilé wọn láti san án, nítorí náà ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìbéèrè tó le. Ẹ ka ìròyìn CQC nípa ilé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́; òmíràn ti pẹ́ débi pé mánéjà tí wọ́n yìn níbẹ̀ ti lọ. Ẹ má lọ ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Tuesday. Ẹ lọ ní àsìkò oúnjẹ alẹ́, tàbí ọjọ́ Sunday. Ẹ wo ibi tí ife wà àti ibi tí okùn agogo wà: ṣé ọwọ́ ẹni tó wà lórí àga dé e? Ẹ wo èékánná wọn. Ẹ fetí sí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa wọn, bóyá orúkọ ni wọ́n ń pè tàbí nọ́ńbà yàrá. Ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló ṣiṣẹ́ lálẹ́ àná, àti mélòó nínú wọn ló wá láti ẹ́jẹ́ńsì tó ń yá ilé lóṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ní òun máa padà pè yín lórí ìbéèrè yìí ti dáhùn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá sì fi wọ́n síbẹ̀ tán, ẹ máa lọ. Àwọn tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n kó nǹkan bí 25,000 èèyàn láti ọsibítù lọ sílé ìtọ́jú láàárín oṣù kan, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe àyẹ̀wò Kòrónà, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ síta, kò lè gbàgbé ojú àwọn arúgbó lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé. Ilé ẹjọ́ gíga ní London sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2022 pé ìlànà tí wọ́n fi kó àwọn èèyàn láti ọsibítù lọ sílé ìtọ́jú yẹn kò bófin mu. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ti pa á láṣẹ fún àwọn ilé yìí pé kí wọ́n jẹ́ kí àlejò wọlé, àyàfi tí ìdí pàtàkì gan-an bá wà. Yàrá tí ọmọ ń wọ̀ déédéé, mo ti rí i, ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣọ́ra jù. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣogbo ní tiwọn kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú rárá. Màmá wa wà nílé, ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló ń tọ́jú wọn. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń dá tọ́jú ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ tọ̀sán-tòru, ilé ìtọ́jú ni ìyẹn náà, ilé ìtọ́jú tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò lọ sílé rí, tí ẹnì kankan kò bẹ̀ wò. Mo ti kọ́ ọmọ náà lórí WhatsApp bó ṣe máa yí màmá, bó ṣe máa fọwọ́ wá ibi tó gbóná ní gìgísẹ̀ wọn, pé kó gbé ife sí apá ọ̀tún, torí apá òsì wọn ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra agogo kan tí wọ́n so mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà ń lọ sílé ní ìparí ọ̀sẹ̀ báyìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò wọn ló ń pín alẹ́ ọjọ́ méjèèjì ṣe.